Sìmẹ́ńtì, Amọ̀ àti Èéfín: Ẹ̀kọ́ Kan Lórí Ilé Kíkọ́

Ẹ̀kọ́ wa lọ́dún yìí dá lórí ohun tí ojú wa ń rí lójoojúmọ́, èyíinì ni sìmẹ́ńtì.

Kí ni òfo tí wọ́n ń wí?

Gbogbo wa ni a mọ ṣifr nínú ìṣirò. Òun ni òǹkà òfo. Ní ọdún 2021, ìjọba Nàìjíríà ṣe ìlérí pé èéfín ilẹ̀ wa tí ń mú ayé gbóná yóò di òfo nígbà tí ó bá fi máa di ọdún 2060. Èyí kò túmọ̀ sí pé a kò ní dáná mọ́. Ẹ wo ìkòkò omi: bí iye tí a ń pọn sí i bá dọ́gba pẹ̀lú iye tí a ń bù, kò ní kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bákan náà ni afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù: èyí tí a ń tú sí òfuurufú kò gbọdọ̀ ju èyí tí igi, ilẹ̀ àti ọgbọ́n ọmọ ènìyàn ń mú kúrò níbẹ̀ lọ.

Báwo ni sìmẹ́ńtì ṣe kàn án?

Òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, ni wọ́n ń sun nínú ìléru tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 1,450 Celsius. Ọ̀nà méjì ni èéfín ń gbà jáde. Èkíní ni ti ohun tí wọ́n fi dáná. Èkejì, tí ó pọ̀ jù, ni kábọ́ọ̀nù inú òkúta náà fúnra rẹ̀, tí iná ń lé jáde. Nítorí náà, bí wọ́n tilẹ̀ pààrọ̀ ohun ìdáná, ti inú òkúta kò ní ṣàìjáde. Bí ìdá 7 sí 8 nínú 100 gbogbo kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú jáde ni ó ń ti ara sìmẹ́ńtì wá.

Kí ni àwọn yunifásítì rí?

Àwọn olùwádìí ní yunifásítì EPFL ní Switzerland, yunifásítì Las Villas ní Kúbà, àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Íńdíà pawọ́ pọ̀ ṣe sìmẹ́ńtì tí a ń pè ní LC3. Òkúta tí wọ́n sun nínú rẹ̀ jẹ́ bí ìdá 50 nínú 100. Amọ̀ sísun jẹ́ 30. Òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ láìsun jẹ́ 15. Gypsum jẹ́ 5. Ooru tí ó tó bí ìwọ̀n 800 ti tó fún amọ̀, kò sì ní irú kábọ́ọ̀nù ti inú òkúta. Amọ̀ sísun àti òkúta lílọ̀ yìí a máa di ara wọn mú. Èéfín sì lè fi bí ìdá 40 nínú 100 dínkù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo amọ̀ ni ó yẹ fún un. Wọ́n ní láti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó lò ó.

Ẹ̀kọ́ fún wa

Nígbà tí a ń kọ́ kíláàsì kejì wa, òjò pa àpò sìmẹ́ńtì mọ́kànlá. Wọ́n le gbagidi, a sì kó wọn dànù. Owó àwọn òbí nìkan ni a rò pé ó ṣòfò. A kò mọ̀ pé èéfín tí wọ́n fi sun wọ́n ti jáde lásán. LC3 lè má tíì dé ọjà wa, ṣùgbọ́n kí a to àpò sórí pákó, kí a bò ó, kí a ra ìwọ̀n tí a ó lò: èyí wà ní ìkáwọ́ wa lónìí.

Ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́

1. Ọ̀nà méjì wo ni èéfín sìmẹ́ńtì ń gbà jáde?
2. Kí ni ó mú kí èéfín LC3 dínkù?
3. Wo ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ládùúgbò rẹ: kí ni wọ́n ń fi ṣòfò níbẹ̀?