Ìfẹ́ Tí Kò Retí Àáró

Kà: Lúùkù 6:32–35, Jòhánù 13:1–17, Gálátíà 5:13



Gbogbo wa ní ilẹ̀ Èkìtì ni a mọ àáró. Àgbẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin a fi ohùn ṣọ̀kan. Wọn a ro oko ẹni kìn-ín-ní lónìí, ti ẹnì kejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Àṣà rere ni. Ṣùgbọ́n àáró ní ibi tí ó mọ: ẹni tí kò lè san án padà kò sí nínú rẹ̀. Ta ni yóò bá opó arúgbó ro oko? Ta ni yóò pọn omi fún aláìsàn?

Ibi tí àáró pin sí, níbẹ̀ ni ìfẹ́ Kristi ti bẹ̀rẹ̀. Olúwa wa kọ́ wa pé ẹlẹ́ṣẹ̀ pàápàá a máa ṣe oore fún ẹni tí yóò san án padà. Nígbà tí ó sì wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀, kò yọ ti Júdásì sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ mọ ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ nílé. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ní ìgbà ogun wọ̀nyẹn, a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Èkìtì lẹ́rú. Ní 1886, àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sí àgọ́ ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn ni ó dá ìjà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn kan tí a ti kó lẹ́rú rí, tí wọn gbọ́ Ìhìnrere ní ẹ̀yìn odi, padà wá sílé. Ọ̀kan nínú wọn ni Helena Doherty, tí ó wà lára àwọn tí ó gbé Ìhìnrere dé Ìjẹ̀ṣà-Isù. Wọn ì bá jókòó sí ibi tí ara ti rọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn fi òmìnira wọn sin àwọn ará ilé wọn. Ẹ̀kọ́ tí Pọ́ọ̀lù kọ́ àwọn ará Gálátíà gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kíyèsí. Ẹ̀yin ará ní Òkè-Ìlá àti ní gbogbo ìjọ wa, kí olúkúlùkù yẹ àdúgbò rẹ̀ wò ní oṣù yìí, kí ó wá ẹni kan tí kò lè san oore padà, kí ó tọ̀ ọ́ lọ láìfọn fèrè. Bí a bá ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, tí opó ẹ̀yìnkùlé wa sì ń fi ebi sùn, ẹ̀rí wo ni a ń jẹ́?

Ìbéèrè:

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àáró àti ìfẹ́ Kristi?
2. Èéṣe tí Olúwa kò fi yọ ẹsẹ̀ Júdásì sílẹ̀?
3. Ta ni ìjọ wa ti gbàgbé nítorí pé kò lè mú ohunkóhun wá sí ìkórè?

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn ìránṣẹ́. Àmín.