Àlàfo Tí Mo Fi Sílẹ̀, Ẹlòmíràn Ló Ń Kó Sí I

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa, korope ni mò ń wà láti Gáréèjì Ìkòròdú lọ sí Ìtóìkín. Ẹ máa ń ní ká fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ tó wà níwájú. Mò ń gbìyànjú ẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi í sílẹ̀ báyìí, danfo á já wọ̀ ọ́, Márúwá á tẹ̀lé e, àwọn èrò á sì máa pariwo pé ṣé mo fẹ́ sùn ni. Mítà mélòó gan-an ni kí n fi sílẹ̀? Ṣé ó tilẹ̀ ṣeé ṣe ní Èkó yìí?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Ó ṣeé ṣe.

Gbàgbé mítà ná. Ta ló lè máa wọn ilẹ̀ lórí eré? Àkókò ni kí o máa kà. Mú ohun kan tí kì í kúrò lójú kan, bí òpó iná. Bí ìdí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá lára ẹ̀, kà á jẹ́jẹ́: oókànlélẹ́gbẹ̀rún, eéjìlélẹ́gbẹ̀rún. Tí imú korope rẹ bá débẹ̀ kó o tó kà á tán, o ti sún mọ́ ọn jù. Ìṣẹ́jú àáyá méjì nìyẹn, òun ló sì kéré jù lójú ọ̀nà gbígbẹ. Tí òjò bá ń rọ̀, sọ ọ́ di mẹ́rin.

Ká ní o wà lórí eré 80 kìlómítà ní wákàtí. Mítà 22 ni ọkọ̀ rẹ ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí iná pupa, kí ẹsẹ̀ tó dé orí bíréèkì, ìṣẹ́jú àáyá kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ tó bá ti rẹ̀ ọ́. To méjì tẹ̀léra nínú àwọn bọ́ọ̀sì BRT gígùn tí wọ́n ń ná Ìkòròdú láti ọdún 2015: bíi gígùn wọn lo ti máa rìn kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Tí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì fúnra ẹ̀ máa gbà kó tó dá ọkọ̀ dúró á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ní ti àwọn tó ń já wọlé, jẹ́ kí wọ́n wọlé. Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Ṣùgbọ́n ṣírò ẹ̀: ẹni tó bọ́ síwájú rẹ, ìṣẹ́jú àáyá bíi méjì ló gbà lọ́wọ́ rẹ. Bí ọgbọ̀n ọkọ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀ kó o tó dé Ìtóìkín, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Àríyànjiyàn ṣéńjì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rọra dín eré kù, kó o tún àlàfo náà ṣe. Sọ ìdí tó o fi ń fi àyè sílẹ̀ fún àwọn èrò kí ẹ tó ṣí: Ìyá tó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, tí kò sí bẹ́líìtì níbi tó jókòó, ọmọ yẹn ló máa fi orí sọ àga iwájú tó o bá tẹ bíréèkì lójijì.

Ẹ̀yìn danfo ló le jù. Tó bá rí èrò, á dúró gbàgà, iná ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè má ṣiṣẹ́. Kọ̀ńdọ́ ni kí o máa wò: tó bá ti gbá ara ọkọ̀, tàbí tó ti na ẹsẹ̀ kan síta, ọkọ̀ náà fẹ́ dúró. Wo ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú, bóyá ẹnì kan ń nawọ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn tipa oníyanrìn, fà sẹ́yìn títí o fi máa rí díńgí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí o kò bá rí i, awakọ̀ rẹ̀ náà kò rí ọ. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, dúró níbi tó o ti ń rí bí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ iwájú ṣe kan ilẹ̀. Tó bá bàjẹ́ síbẹ̀, wàá ráyè yà.

Ohun tí o kò bi mí kù: tí tipa bá wà lẹ́yìn rẹ tó ń lé ọ ńkọ́? Má tìtorí ẹ̀ sáré. Ṣe ni kó o fi kún àlàfo iwájú, kó o lè máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀, kí òun náà lè ráyè dúró. Níbi tí ọ̀nà bá ti fẹ̀, yà fún un, kó máa lọ.