Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Kì í Ṣe Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin ará, bí ẹnì kan kò bá rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò wù ú, tí ayé sú u fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ o. Àìsàn lè ni.

Ẹ wo Èlíjà nínú aginjù (I Ọba 19). Ikú ló tọrọ! Áńgẹ́lì kò bá a wí. Oúnjẹ àti omi ló gbé fún un, ó sùn, ó tún jí i kó jẹun. (Àwa ìbá ti ní kó gbààwẹ̀.)

Ní Aro, Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Lambo mú kí aláìsàn ọpọlọ máa gbé abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, kí wọ́n máa lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù.

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kú, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ máa gbàdúrà lọ.