Ìyàwó mi fẹ́ dá oògùn dúró

Ìbéèrè: Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CML ló ń ṣe ìyàwó mi. Imatinib ló ń lò. Ara rẹ̀ ti yá, ó ní òun kò lò ó mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn, sà. Ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́, kó má tíì dá a dúró. Oògùn yẹn gan-an ló mú ara rẹ̀ yá; tó bá ń fò ó, àìsàn lè padà, oògùn sì lè má ràn án mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi í, ní pẹ̀lẹ́, ohun tó sú u. Ṣé èébì ni? Ṣé ojú wíwú, tàbí pajápajá tó ń mú un lẹ́sẹ̀ lóru? Àwọn obìnrin wa máa ń fara da irú èyí láìsọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Ẹ má fi àgbo kún un. Kó máa jẹun kó tó lò ó, kó sì fi omi ife ńlá kan gbé e mì.

Tó bá jẹ́ owó ni, láti 2003 ni ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn aláìsàn CML ní oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ bi wọ́n bí ètò náà ṣe rí báyìí. Tó bá sì jẹ́ ọmọ ló ń wá, ẹ jọ lọ bá dókítà sọ ọ́ kí oyún tó dé, nítorí oògùn náà lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá.