Kọ́mà Lè Sọ Ẹni Tó Sanwó Di Onígbèsè

Lọ́dún tó kọjá, àwa tí à ń bójú tó ìwé owó ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà gbèsè sí màmá wa kan. Wọ́n ti san £1,250 tí wọ́n ṣèlérí fún gbọ̀ngàn ìlú pé, ṣùgbọ́n £251 ni ìwé wa sọ pé wọ́n san. Ojú tì wá. A lọ bẹ̀ wọ́n nílé kí a tó wá ibi tí àṣìṣe ti wọlé.

Kọ́mà ni. Ìlà owó tí àwọn akápò fi ń ránṣẹ́ sí wa kì í ṣe nọ́ńbà lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ lásán ni, tí kọ́mà wà láàárín rẹ̀. Ẹ wo owó oṣù mẹ́ta ọmọ ẹgbẹ́ kan ní èdè Python:

iye = "50,120,75".split(",")

Iṣẹ́ split kò ju kó gé ọ̀rọ̀ níbi tí kọ́mà bá wà. Ohun tó jáde ni ['50', '120', '75']. Àmì tó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká fi hàn pé ọ̀rọ̀ ṣì ni wọ́n: bí ẹ bá ro méjì àkọ́kọ́ pọ̀, '50120' ni ẹ ó rí, kì í ṣe 170. Ẹ sọ wọ́n di odidi nọ́ńbà:

owo = [int(x) for x in iye]

Nígbà náà ni sum(owo) yóò tó fún yín ní 245.

Àlàfo tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kì í da int láàmú. Ṣùgbọ́n bí oṣù kan bá ṣófo, bíi "50,,75", int yóò kọ̀, ẹ ó rí ValueError. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ kọ̀ǹpútà á ní kí a fi 0 dí i. A kò fara mọ́ ọn. 0 túmọ̀ sí pé ẹni náà kò san nǹkan kan; òfìfo lè jẹ́ pé akápò ni kò tíì kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó dúró, kí ẹ sì béèrè.

£1,250 ló le jù. split gé e sí 1 àti 250, int gba méjèèjì láìjanpata, 251 sì jáde. Kò sí ìkìlọ̀ kankan! Bí fáìlì bá fi àmì àyọlò yí "1,250" ká, ẹ fi split sílẹ̀, ẹ lo csv.reader, tí kì í gé ohun tó wà láàárín àmì náà. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ kọ́mà kúrò:

int("1,250".replace(",", ""))

Bí kò bá sí àmì yẹn, ìlà náà fúnra rẹ̀ kò lè sọ bóyá owó kan ni tàbí méjì. Ẹ padà sí ìwé rìsíìtì.

Ní ti pẹ́ńsì, int kò gba "25.50". Àwa ń kọ gbogbo owó ní pẹ́ńsì báyìí, 2550, kó lè jẹ́ odidi.

A ti tún ìwé màmá ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá gba lẹ́tà gbèsè tí kò yé e, kó mú rìsíìtì rẹ̀ wá sí ìpàdé, a ó jọ wo ìlà rẹ̀.