Ẹ̀kọ́: Bí Ilé Jákọ́bù Ṣe Kó Lọ sí Íjíbítì (Jẹ́nẹ́sísì 45–47)

Ẹ̀yin ará, òwe Sókótó àti àpò ṣòkòtò tí ará ilé ń pa mọ́ wa kò dí wa lọ́wọ́ àtiwá síhìn-ín. Kò sì ní dá ẹni tí ó fẹ́ ré kọjá òkun dúró. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ wo Jákọ́bù. Kí ó tó dìde, Fáráò ti fi kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ nítorí àwọn obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́.

Ní November 1969, ìjọba Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin fi ọjà sílẹ̀ bọ̀ wálé. Ní March 2024, ìjọba Ìlú Ọba kọ̀ kí ẹni tí ń bọ̀ wá ṣe ìtọ́jú arúgbó mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́.

Ẹ bèèrè ìwé olúkúlùkù, títí kan ọmọ ọwọ́, kí ẹ tó ta ilẹ̀.