Ẹ̀yin Bàbá Ìkókó, Ẹ Wojú Ìyá Ọmọ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di bàbá, ẹ gbọ́. Nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo fi dàgbà, ohun kan náà ni mò ń rí: gbogbo ilé á máa gbé ìkókó jó, ẹnikẹ́ni ò ní bèèrè ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá sunkún, wọ́n á ní ó ń ṣàṣejù.

Ẹkún díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ kì í ṣe tuntun. Ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tí ìyá ò rí oorun sùn kódà nígbà tí ọmọ ń sùn, tí oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀, tí ọmọ ò wù ú gbé, àìsàn ni, kì í ṣe ìwà.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lóru kó lè sinmi. Èkejì, ẹ bá a lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí fún nọ́ọ̀sì. Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá fún un lóògùn, kó má ṣe dá a dúró nítorí pé ara ti ń yá. Àwọn oògùn kan wà tí abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn lè lò.

Bó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e dé ọsibítù.

Ẹ má sì bẹ̀rù Aró, ọsibítù àrùn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tó jẹ́ kí ẹbí bá aláìsàn gbé nígbà ìtọ́jú. Ẹbí wà lára ìwòsàn, ẹ̀yin ọkọ ló sì ṣáájú.